Àbúrò mi fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ajílété, Leeds

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù o. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá kí n tó fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti àbúrò mi tó wà nílé ti ń kówó jọ. Ó ní pulọ́ọ̀tì méjì lójú ọ̀nà Ìlọrin, kò sì fẹ́ kọ́ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH á máa gbà bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ohun tó ń pariwo sí mi létí ni ìbọ̀wọ́ tí dókítà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ní ilé ìwòsàn ńlá méjì ló wà nígboro, ti LAUTECH àti ti Bowen tí àwọn òbí wa ṣì ń pè ní ti Onítẹ̀bọmi, pé kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní lò ó. Ẹnìkan ní Ṣáínà ti fi fọ́tò ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i. Owó ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ohun tá a ní tán. Ṣé ká san án?

Ọmọ Ẹlẹ́kà, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Klang jí ná. Ilé-iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé Malaysia.

Bọ̀dá Klang

Mo ti jí. Aago mẹ́fà ìdájí ni níbí.

Ajílété, ọdún méje ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á há igi rọ́bà lára, oje funfun á máa kán. Nínú oje tútù yẹn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni rọ́bà, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Wọ́n á da amóníà sí i kó má baà dì, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ yí i bìrìbìrì kí omi lè yà kúrò, títí rọ́bà inú rẹ̀ á fi di ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Èyí tó ki yìí ni ilé-iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ ń rà. Ẹ ó po imí ọjọ́, zinc oxide àti kẹ́míkà díẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ kó jinná síra.

Ó wá ku ọwọ́ tánganran, ìyẹn ère ọwọ́ èèyàn tí wọ́n fi amọ̀ funfun sun. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n á rì í bọ omi calcium nitrate, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó wá rì í bọ oje. Calcium yẹn ló ń mú kí oje dì mọ́ ọwọ́ náà lójú ẹsẹ̀, bí oje ewé bòmubòmu ṣe ń mú wàrà dì fún àwọn ìyá Fúlàní. Wọ́n á ká etí rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí pùròtéènì àti kẹ́míkà tó lè máa yún èèyàn lára jáde, ó wá di inú ààrò, bí 100 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú ààrò yẹn ni rọ́bà ti ń gba agbára. Tí wọ́n bá bọ́ ọ kúrò lára tánganran, ìbọ̀wọ́ dé nìyẹn.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ọmọ LAUTECH tó ka ìmọ̀ kẹ́míkà á fi ìkòkò àti ààrò búrẹ́dì ṣe é fún yín láàárín oṣù kan, ẹ ó sì rò pé ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Ihò ni wàhálà iṣẹ́ yìí. Ihò tí ojú ò lè rí, tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹyọ eruku kan tó bà lé ọwọ́ tánganran ti tó láti bí i. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ oje náà ń bí i. Ṣé o rántí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́? Tí ìyá wa bá nu tábìlì láàárọ̀, lọ́sàn-án a ti lè fìka kọ orúkọ wa sí i. Inú eruku yẹn ni àbúrò rẹ fẹ́ ti máa rì ọwọ́ bọ oje. Àfi kó kọ́ yàrá tí kò gba atẹ́gùn ìta wọlé rárá, fọ́tò ará Ṣáínà ò sì ní yàrá nínú.

Bí wọ́n ṣe ń wá ihò rèé: wọ́n á so ìbọ̀wọ́ kọ́, wọ́n á da omi lítà kan sínú rẹ̀, wọ́n á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì bóyá á jò. Ìwọ̀n tí ayé ń lò fún ti iṣẹ́ abẹ ni AQL 1.5. Ká sọ ọ́ lọ́nà ìrọ̀rùn, tí èyí tó ń jò bá ti ń ju bí ẹyọ kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, gbogbo ẹrù yẹn ló bàjẹ́, kì í ṣe èyí tó jò nìkan.

Àǹtí Tíátà, Birmingham

Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu ẹni tó ń wọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ kì í ṣe kékeré, àárín àti ńlá bí èyí tí wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò. Láti 5½ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìdajì gòkè dé 9, tọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ìwọ̀n mẹ́jọ nìyẹn, oríṣi ọwọ́ tánganran mẹ́rìndínlógún. Ẹ bi ará Ṣáínà yín mélòó ló wà nínú owó tó pè.

Ìkejì, ẹ má fi yẹ̀fun sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de ìbọ̀wọ́ oníyẹ̀fun nílé ìwòsàn, torí yẹ̀fun yẹn máa ń kó sínú ọgbẹ́, ó sì ń gbé pùròtéènì rọ́bà fò sí èèyàn nímú. Ní báyìí chlorine ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n fi nǹkan mìíràn bo inú rẹ̀, kó lè máa yọ̀. Àwọn tí ara wọn ò gba rọ́bà wà, èmi náà wà lára wọn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ mi á ti wú. Nítorí náà, ẹ má fi ọkàn sí i pé ẹ ó máa kó o wá tà níbí.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wa tiẹ̀ kàn yín. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọwọ́ nílé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ń bó nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Caroline Hampton lọ́wọ́. Dókítà Halsted tó ń bá ṣiṣẹ́ ní kí ilé-iṣẹ́ rọ́bà Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ fún un. Ní 1890, ó fẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin wa, owó ọjà lásán lẹ ń fi ránṣẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́kà, Houston

Àǹtí, ẹ̀mí mi ò gbe tírélà ìbọ̀wọ́ o.

Bọ̀dá, bí rọ́bà bá ń yún èèyàn, kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe nitrile, rọ́bà àtọwọ́dá yẹn?

Bọ̀dá Klang

Inú epo rọ̀bì ni oje nitrile ti ń wá, òkun ni yóò gbà dé, dọ́là ni wọ́n á sì fi rà á. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é níbí ń bọ́ ju 30,000 lọ ní wákàtí kan. Ìwọ lo fẹ́ fi pulọ́ọ̀tì méjì bá wọn figagbága?

Ajílété, Leeds

Ẹ ṣé gan-an ni. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé rọ́bà wà nílé. Tàbí irọ́ ni?

Bọ̀dá Klang

Ó wà. Ẹdó, Delta, Cross River, Oǹdó àti Ògùn. Ìyanomo lẹ́bàá Benin ni ilé ìwádìí rọ́bà ìjọba àpapọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín lọ síbẹ̀ kó tó lọ sí Ṣáínà. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ọ̀dàn, kajú àti máńgòrò la ní. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rọ́bà ló sì ń jẹ́ kí oje dì sínú ife, wọ́n á tà á fún àwọn tí yóò fi ṣe táyà. Èyí tó ti dì yẹn ò wúlò fún yín, oje tó ń ṣàn tó sì ti ki lẹ nílò. Ẹ wá fojú inú wo dúróòmù oje tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta. Ooru ń lé amóníà jáde, kòtò ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, oje kì í fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ó lè di fùfú kó tó dé Tááké.

Ẹ ṣírò rẹ̀ náà. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ ẹyọ kan lè wúwo tó gíráàmù 12. Kílò kan oje tó ki yẹn, gíráàmù 600 ni rọ́bà inú rẹ̀. Àádọ́ta ẹyọ nìyẹn, ìyẹn méjì-méjì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí ẹ tó yọ èyí tó jò.

Ìyá Ọ̀yọ́, Toronto

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, orí mi sì ń wú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹlòmíì má baà jìn sí i. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe ìbọ̀wọ́ ìfọṣọ, a gbé e sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó tà á fún wa ní kò sí ohun tó kù ju ká tan iná. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo oje di kókó-kókó bí ògì tí wọn ò rò dáadáa. A rò pé ayédèrú oje ni wọ́n tà fún wa, a bá oníoje jà, mi ò parọ́ fún yín, a pè é lólè.

Omi ni. Omi kànga tá a gbẹ́ nínú àpáta, tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, òun la fi ń po kẹ́míkà. Calcium tó wà nínú omi yẹn ń mú oje dì nínú agbada kó tó kan tánganran rárá. Ohun tí Bọ̀dá ní wọ́n ń fi calcium ṣe yẹn gan-an ni omi wa ń ṣe láìrán an níṣẹ́. A ra ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi, ó kúrò níbẹ̀. Iná ló wá kàn. Tí iná bá lọ nígbà tí ọwọ́ wà nínú ààrò, kí ẹni tó ń ṣáná sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣe tán, ìdajì ti jóná, ìdajì ṣì tutù. Ọdún kan àbọ̀ la fi ṣe é. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lábẹ́ tapólì, adìẹ ń yé sínú rẹ̀.

Àǹtí Tíátà, Birmingham

Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣé ẹ padà bẹ oníoje?

Ìyá Ọ̀yọ́, Toronto

A gbé ẹran lọ bá a.

Ajílété, Leeds

Ọ̀rọ̀ yìí ń mú mi lóorun. Ká ní a borí omi, iná àti eruku, ṣé ó ti parí?

Bọ̀dá Klang

Kò tíì parí. Ti iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn pátápátá kó tó jáde, inú ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pa kòkòrò náà. Gáàsì ethylene oxide wà fún un, ṣùgbọ́n májèlé ni, ó lè gbiná, kì í ṣe ohun àfidánrawò. Ìtànṣán gamma ló mọ́ jù. Ìjọba ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Sheda lẹ́bàá Àbújá, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. NAFDAC ni yóò forúkọ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, SON ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pójú ìwọ̀n. Kí ẹ tó rí ìwé gbà, òṣìṣẹ́ á ti máa gba owó oṣù. Tí ẹ bá sì rí i tà tán, ilé ìwòsàn kan lè ní kí ẹ dúró di oṣù mẹ́fà kó tó sanwó. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwa Ajílété, ẹ̀kà la kọ́kọ́ ń jẹ ká tó mùko yangan. Ìbọ̀wọ́ ìfọbọ́ àti ti àwọn tó ń po símẹ́ńtì ni ẹ̀kà, ó nípọn, ihò kì í tètè yọ níbẹ̀, kò sì sí ìtànṣán tó kàn án. Ẹ fi ọwọ́ tánganran díẹ̀ àti ìkòkò bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe é gba inú ọyẹ́ kan kọjá, ẹ máa ka iye tó jò lójoojúmọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ti àyẹ̀wò aláìsàn. Ti iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀kọ yangan, ẹ máa wò ó lọ́ọ̀ọ́kán.

Ajílété, Leeds

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó dákẹ́ fún wákàtí méjì, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sára ògiri, pẹ̀lú àwòrán dókítà.

Ọmọ Ẹlẹ́kà, Houston

Ẹ ní kó pa dókítà yẹn rẹ́, kó ya ìyá tó ń fọbọ́.

Bọ̀dá Klang

Kó fi dókítà sílẹ̀ níbẹ̀. Kó bu omi kànga sínú ike mímọ́, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́la. Ọwọ́ tánganran mẹ́rin wà nínú àpótí mi, 7 àti 7½, tọ̀tún-tòsì, ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀ á bá mi gbé e. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí.