Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ tí ìka á fi mọ àrán yàtọ̀ sí sáńpépà

Àdùkẹ́_K: Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni o. Ní Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ tí kò ríran máa wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà jẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ ohun tó jọ̀lọ̀ bí àrán àti èyí tó rí ṣákiṣàki. Kí ni kí n rà?

BàbáWáyà: Mọ́tò LRA ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ láìyí. Ó tètè ń gbọ̀n, ó sì tètè ń dákẹ́ ju mọ́tò oníyíyí lọ.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ: Àǹtí, ẹ má kánjú. Mo ra ìbọ̀wọ́ onígbígbọ̀n kan, ẹni tó tà á ní kò sí aṣọ tí kò sí nínú ẹ̀. Àrán, zzz. Òkúta, zzz. Omi náà, zzz! Nígbà tí mo bọ́ ọ, ìka mi ti kú, ọwọ́ mi ò mọ bọ́tìnnì ẹ̀wù mi mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni yẹn ò gbé fóònù mi.

Ìyá_Ìbejì: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìka yẹn ti sàn ṣá?

Rónkẹ́: Èmi ò ní fún ọmọ kankan ní ìbọ̀wọ́ láéláé.

BàbáWáyà: Ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Ẹ gbé ìka lé sáńpépà tó kúnná láìfà á, ẹ ò ní mọ nǹkan púpọ̀. Ìrìn ìka ló ń mú un sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá yára, gbígbọ̀n gbọ́dọ̀ yí padà. Nítòsí 250 Hz, ìyẹn ìgbà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sì ni ìka ti ń mọ gbígbọ̀n jù.

Àjàgbé: Líle ńkọ́? PHANToM, apá ẹ̀rọ tí Massie àti Salisbury ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ń ti ọwọ́ padà gan-an, nǹkan bí ìgbà 1,000 ló ń ṣírò ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

BàbáWáyà: Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wí, ẹ̀gbọ́n! Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìyẹn?

Títí: Ṣé wọ́n mọ Braille, ìwé tí afọ́jú ń fọwọ́ kà? Pátákó tí àmì ẹ̀ ń yọ sókè wà fún kọ̀ǹpútà.

Àdùkẹ́_K: Ẹ ṣeun gbogbo yín. N ò ra nǹkan kan. Mo tú sípíkà kékeré kúrò lára rédíò tó bàjẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí bíírò. Mo gba ohùn eékánná tó ń ha sáńpépà sílẹ̀. Bí bíírò bá ń rìn nìkan ló ń dún. Ọmọ kan ti dì í mú lónìí, ó ní, "Èyí ń ha mí." Àrán ò bọ́ sí i rárá. Màá gé àrán gidi dání.