Kíka jínóòmù fọ́ńgọ́ọ̀sì, kí ló fẹ́ ṣe fún irè oko?

ọmọ_àgbẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ṣé kíka jínóòmù fọ́ńgọ́ọ̀sì (ìyẹn gbogbo àbùdá àjogúnbá tó wà nínú olu kéékèèké tó ń fa àrùn) lè wo irúgbìn tó ti ń ṣàìsàn ni àbí kí ni wọ́n ń fi ṣe gan-an?

Labalábá: Kò lè wò ó o, àmọ́ ó máa jẹ́ ká mọ ibi tí àrùn náà ti wá. Lọ́dún 2016 àrùn blast, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, wọ oko àlìkámà ní Bangladesh, ṣírí ẹ̀ funfun báláú, kóró inú ẹ̀ hunjọ, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka jínóòmù fọ́ńgọ́ọ̀sì náà wọ́n wá rí i pé Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá.

olóko: Wọ́n tún gbé dátà ẹ̀ síta fún gbogbo ayé, ìyẹn wú mi lórí gan-an! Jíìnì kan tó ń jẹ́ Rmg8, ìyẹn àbùdá àjogúnbá kan nínú àlìkámà, lè dá fọ́ńgọ́ọ̀sì náà dúró.

ọmọ_àgbẹ̀: Tí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà bá wá yí padà ńkọ́?

Labalábá: Ó lè yí padà o, ìdí tó fi yẹ kí wọ́n máa kà á lemọ́lemọ́ nìyẹn.