Ẹ wá sọ bí orin àwọn obìnrin Fínlándì ṣe kàn yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin ìbílẹ̀ Fínlándì rí, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kọ tí ohùn wọn ń wọnú ara wọn, kó wá sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Joensuu ni mò ń gbé, ní apá ìlà-oòrùn Fínlándì, ní ilẹ̀ Karelia ti àríwá. Ìlú kékeré kan wà tí kò jìnnà sí wa, Rääkkylä lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sari Kaasinen àti Mari, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ti dá ẹgbẹ́ Värttinä sílẹ̀ ní 1983. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, ewì àtijọ́ ni wọ́n sì ń ké, tí wọ́n ń fi orin sí i. Nígbà tí àwo wọn Oi Dai fi máa jáde ní 1991, èrò ti dín kù, ó ku obìnrin mẹ́rin níwájú, àwọn onílù àti olóhun-èlò lẹ́yìn wọn. Látìgbà yẹn ni gbogbo Fínlándì ti ń gbọ́ orúkọ wọn.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé orin wọn sí i nínú mọ́tò rẹ̀. Àyà mi là gààrà. Ohùn yẹn ò rọ̀, wọn ò sì fi nǹkan kan pọ́n ọn. Láti inú àyà ló ti ń bọ̀, ó le, ó mú, kò gbọ̀n rìrì, bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì pa á pọ̀, ẹ máa rò pé wọ́n tó ogún. Kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti dàgbà, ohùn dídẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa níbẹ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá, mo sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ilé-ẹ̀kọ́ àgbàlagbà wà káàkiri ní Fínlándì, kansalaisopisto ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ ò gani lára. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì orin ìbílẹ̀. Olùkọ́ wa ní ká dúró yípo, kí èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ó fún obìnrin tó wà lápá òsì mi ní dò. Mo ti ń retí ohùn tí à ń pè ní mí, bí a ṣe máa ń ṣe ní kwáyà. Rè ló fún mi! Ó ní ká di ohùn wa mú, kí ẹnikẹ́ni má sá fún ẹnì kejì. Ẹ dán an wò nílé: kẹ́nì kan di dò mú, kẹ́nì kejì di rè mú, kí ẹ má yẹ̀. Ẹ máa gbọ́ nǹkan kan tó ń gbọ̀n láàárín yín, bí ìgbà tí oyin há sínú ike. Nígbà tí gbígbọ̀n yẹn bá ti dé, olùkọ́ á mi orí, torí ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ara mi gbà á kíákíá. Mo tún wá mọ̀ pé Värttinä ò dá èyí ronú kàn: wọ́n tẹ́tí sí àwọn obìnrin Setu ní Estonia, àti àwọn ẹ̀yà Mari àti Mordvin ní Rọ́ṣíà, tí èdè wọn bá ti Fínlándì tan.

Ìlù rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ìlà ewì àtijọ́ wọn máa ń ní sílébù mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ lórin, mẹ́fà àkọ́kọ́ á máa sáré, méjì ìkẹyìn á fà gùn ní ìlọ́po méjì. Ká ṣírò rẹ̀, márùn-ún ni ẹsẹ̀ máa kà, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, orin á fi í sílẹ̀ lọ. Ìlà tó bá tẹ̀ lé e á sì tún ohun tí ti ìṣáájú sọ sọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí mọ adùn ìyẹn.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Elias Lönnrot ló kó ewì wọ̀nyí jọ. Ìwé Kalevala tó tẹ̀ jáde ní 1835 ni gbogbo ayé ń yìn, ọ̀rọ̀ àwọn akọni ọkùnrin ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ní tèmi, ìwé rẹ̀ mìíràn, Kanteletar ti 1840, ló jù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ti ń sọ tẹnu wọn: ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò dáa, ẹni tó ń ṣàárò ìyá rẹ̀. Ẹkún ìyàwó wà ní Karelia náà, ẹ̀yin ará! Ìyá ìyá mi, ará Ìsẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sun tiẹ̀. Ní Karelia, obìnrin kan tó mọ ẹkún sun dáadáa ni wọ́n máa ń pè kó bá ìyàwó sun ún. Kò ní dárúkọ ìyá ìyàwó ní tààrà, orúkọ ìkẹ́ bí ẹní ń ki oríkì ni yóò máa pè é. Alẹ́ tí olùkọ́ wa sun ọ̀kan fún wa, omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà kan nínú wa ń sunkún kíkan. Ara àwọn tó lé ní 400,000 tó fi ilé sílẹ̀ nígbà tí Sófíẹ̀tì gba apá kan Karelia nígbà ogun ni ìyá tó bí i.

* * *

Ẹ kú àlàyé, àǹtí. London ni èmi ti bá orin Värttinä pàdé, ní 2007. Mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Theatre Royal Drury Lane nígbà náà, èmi ni mò ń fi àga han èrò. Eré Lord of the Rings ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní Toronto ní 2006. Värttinä wà lára àwọn tó ṣe orin rẹ̀, pẹ̀lú A. R. Rahman ará Íńdíà. Gbogbo ènìyàn ń pariwo ìtàgé tó ń yí, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi, ibi tí mo dúró sí nínú òkùnkùn lẹ́yìn, orin ni mò ń dúró dè. Àwo wọn Miero, 2006 náà ló jáde, kò fara jọ orin ayẹyẹ rárá, ó ṣókùnkùn, ó sì wúwo. Òun ni mo fẹ́ràn jù títí dòní.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí àwòrán ọmọbìnrin tó ń fi àlùbọ́sà eléwé gígùn yípo lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Káfẹ́ ní Bódìjà ni mo ti rí i, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Orin abẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Loituma ti Fínlándì ló kọ ọ́, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin kan, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ láti 1995, ọdún mọ́kànlá kí àwòrán náà tó dé. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn ò ní ìtumọ̀, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń dárà. Wọn ò lo ohun èlò kankan. Ó ń dùn mí pé àwàdà ni àwọn èèyàn kà á sí, torí ẹ gbọ́ bí ẹnu wọn ṣe ń ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Àǹtí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ tí mo bá fẹ́ gbọ́ sí i?

* * *

Àbúrò mi, Oi Dai ni kó o kọ́kọ́ wá, kó o wá gbọ́ Seleniko ti 1992 tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wá Kardemimmit, obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ń ta kantele, ohun èlò olókùn ti Fínlándì, tí wọ́n sì ń kọrin sí i; tiwọn rọ̀ díẹ̀. Tó o bá lè wá síbí, ní oṣù Keje ni àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Kaustinen máa ń wáyé, láti 1968 ni wọ́n ti ń ṣe é. Tó o bá gba Helsinki kọjá, ya ibi ère Larin Paraske lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Mannerheimintie. Obìnrin ará Ingria ni, ilẹ̀ kan ní Rọ́ṣíà nítòsí Fínlándì, ó mọ orin tó lé ní 1,000 lórí, Sibelius, olórin ńlá Fínlándì, pàápàá jókòó gbọ́ ọ ní 1891, síbẹ̀ inú ìṣẹ́ ló kú sí ní 1904. Kí ẹ tó máa yin ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń kọ orin yìí lónìí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Ta ló kàn?