Ẹ̀yìn ń dun màmá mi ní Òṣogbo: ibo ni kí n gbé wọn lọ?

Ọmọ Aláró: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni màmá mi, ẹ̀yìn sì ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá. X-ray ní eegun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò aró, àtinàró di wàhálà. Oògùn tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì ni wọ́n ń lò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà: Háà, ẹ gba ọ̀rá yẹn lọ́wọ́ wọn! Diclofenac àti ibuprofen, oògùn ìrora méjèèjì, lè jọ wà nínú ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Òótọ́ ni, àmọ́ prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì kan, náà lè wà níbẹ̀, èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró lójijì tó bá ti lò ó pẹ́. Ẹ gbé ọ̀rá náà dání lọ bá dókítà. UNIOSUN Teaching Hospital, èyí tó ń jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ lọ, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ìrora ara.
Ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3, ọpọlọ lè máa gbé e kiri bí ojú ibi tó farapa tilẹ̀ ti san. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún màmá pé wọ́n ń díbọ́n o.

Alhaji: Àgbo ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Alhaji, ẹ jẹ́ ká fi àgbo sílẹ̀ ná, oògùn ti pọ̀ nínú ara wọn. Aṣọ tí a rì sómi gbígbóná, tí a fún, tí a wá gbé lé ẹ̀yìn, ìyẹn dáa.

Físíò Òkè-Baálẹ̀: Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ike aró ga dé ìbàdí wọn. Kí wọ́n rẹ aṣọ díẹ̀, kí wọ́n nàró, kí wọ́n rìn yíká ilé, kí wọ́n tó tún padà. Ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ló léwu: wọ́n á fẹ́ parí gbogbo iṣẹ́, ọjọ́ kejì wọn ò ní lè dìde. Ìdùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ náà ò dáa.
Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ojú abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ bá ń dà lára wọn láìmọ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Aláró: Ẹ ṣé gan-an. Búlọ́ọ̀kù rọrùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá oògùn yẹn, màá ní kí ẹ̀gbọ́n mi àgbà bá wọn sọ ọ́, torí wọn ò ní gbọ́ tèmi.