6G fún wẹ́dà Abẹ́òkúta: ṣé owó náà á padà?

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù nídìí iṣẹ́ wẹ́dà. Géètì, bọ́gúlárì àti páànù ọlọ́pọ́n ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ékòó ní kó mú ₦480,000 wá fún ọ̀sẹ̀ 6, kó fi gba sàtífíkéètì 6G, ìyẹn ìdánwò ìjórin páìpù. Tí a bá ro ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ mọ́ ọn, á súnmọ́ ₦700,000. Ṣé kó lọ, àbí kó fi owó yẹn ra irinṣẹ́, kó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀?

Ọ̀gá Páìpù: Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti fi E6010 (irú electrode kan, ìyẹn ọ̀pá ìjórin) jó irin rí. E6013 là ń fi jó géètì, máṣíìnì ìjórin AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) tí wọ́n ń wé nígboro sì ń gbé e dáadáa. E6010 ò gba AC rárá, DC (iná tó ń lọ sápá kan) ló fẹ́. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ìjórin inverter kékeré ò sì lè gbé e: á máa lẹ̀ mọ́ irin, iná á máa kú.

Nínú 6G, páìpù máa dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ dìgírì 45, kò ní yí. Wẹ́dà ló máa yí i ká. Páìpù ìnṣì 6, Schedule 80 (ìpele ìnípọn ara páìpù), ni wọ́n sábà máa ń lò, ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 11. Wọ́n á fá etí rẹ̀ méjèèjì ní bíi dìgírì 30 sí 37.5, wọ́n á fi àlàfo bíi mílímítà 3 sílẹ̀. E6010 ni wọ́n á fi jó root (ìlà ìjórin àkọ́kọ́, nísàlẹ̀ àlàfo), E7018 ni wọ́n á fi kún un dé òkè. Root yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ padà. Àlàfo tó bá fún jù, iná ò ní wọnú. Tó bá fẹ̀ jù, á jó lu. Nísàlẹ̀ páìpù pàápàá, níbi tó dà bí agogo mẹ́fà, irin yíyọ́ ń fà wálẹ̀, inú root á sì jìn kòtò.

Kúpọ́ọ̀nù (ègé páìpù ìdánwò) mélòó ni wọ́n máa jẹ́ kó jó? Ibẹ̀ lowó ń bá lọ: páìpù, electrode, dísìkì. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fún ọmọ ní mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ 6, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ bá a yà.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ ṣé, sà. Wọn ò sọ iye kúpọ́ọ̀nù. Wọ́n ṣáà ní sàtífíkéètì náà ò ní ọjọ́ tó máa parí.

Ìyá QC: Irọ́ gbuu. Lábẹ́ ASME IX àti AWS D1.1 (ìwé òfin ìjórin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà), wẹ́dà tó bá lo ju oṣù 6 lọ láìfi irú ọ̀nà ìjórin yẹn ṣiṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ ti já nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ á sì tún un dán wò fúnra rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ìwé náà hàn yín. Nọ́ńbà WPS (ìwé ìlànà ìjórin) gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, àti irú electrode, ìpọn páìpù, ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀, èsì ìdánwò àti ìbuwọ́lù ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá fi títẹ̀ dán an wò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ 4 ni wọ́n máa gé lára páìpù 6G. Èyí tó bá là ju mílímítà 3 lọ, ó ti kùnà. Ìwé tó bá sọ pé ọmọ náà wá sí kíláàsì nìkan, ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ béèrè ìdánwò lórí páìpù ìnṣì 2 náà. Lábẹ́ ASME IX, ẹ̀rí tó fi ìnṣì 6 gbà ò bo páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mílímítà 73, ti ìnṣì 2 ń bo láti mílímítà 25 lọ sókè.

Kọntirákítọ̀ Ewékorò: Ẹ̀gbọ́n, ibo ló fẹ́ ti ṣiṣẹ́? Nígbà shutdown (ìdádúró fún àtúnṣe) ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, iṣẹ́ pẹlẹbẹ ló pọ̀ jù: chute (ọ̀nà tí ẹrù ń ṣàn gbà), ọ̀nà afẹ́fẹ́, dídí ibi tó ti jẹ. 3G àti 4G (ìdánwò jíjó irin pẹlẹbẹ lóòró àti lókè orí) ti tó fún un. Ilé ìfọpo àti gáàsì ló ń béèrè 6G, Lẹ́kì, Warri, Port Harcourt.

Ẹ ṣírò ẹ̀: tí 6G bá fi ₦5,000 kún owó ojúmọ́ rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 140 ni yóò fi rí ₦700,000 padà. Shutdown kan kì í tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣe Trade Test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) ìjọba àpapọ̀ ná, láti Grade III lọ sókè, kó fi 3G àti 4G tẹ̀ lé e. 6G dìgbà tí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ páìpù nílẹ̀ fún un.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́: Ṣé kó ra máṣíìnì ná nìyẹn, sà?

Ọ̀gá Páìpù: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inverter DC tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń gbé E6010. Kó fi E6010 jó ègé páìpù àlòkù lójú àwọn tó ń tà á kó tó sanwó. Á wúlò fún géètì, á sì fi kọ́ root lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Bó bá ṣì fẹ́ lọ sí Èkó, kó lọ wo ibẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀. Kó wá ààrò electrode: E7018 tó bá fa omi ń mú kí ojú ìjórin là lẹ́yìn tó bá tutù, nítorí náà inú ooru bíi 120°C ni wọ́n ń tọ́jú èyí tí wọ́n bá ti ṣí sí. Lẹ́yìn náà kó rìn dé ibi tí wọ́n ń da irin àlòkù sí. Bí kò bá rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ kọdọrọ níbẹ̀, wọn kì í dán ẹnikẹ́ni wò.