Ara ìyá mi kò gba pẹnisílíìnì, ṣé cefazolin ò ní ṣe wọ́n ní jàǹbá?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ìyá mi, cefazolin sì ni dókítà fẹ́ kọ́kọ́ fún wọn kí kòkòrò má baà wọ ojú ọgbẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, ni gbogbo ara wọn bá sú, ojú wọn sì wú. Wọn ò tún lò ó mọ́ láti ìgbà náà.

Mo kà á pé mọ̀lẹ́bí ni oògùn méjèèjì, torí òrùka beta-lactam (àwọn átọ́ọ̀mù tó so pọ̀ bí òrùka) wà nínú wọn. Ìwé àtijọ́ ní tí ara èèyàn 100 kò bá gba pẹnisílíìnì, nǹkan bí 10 nínú wọn ni ara wọn kò ní gba cephalosporin náà, ìyẹn ìdílé oògùn tí cefazolin wà. Ti ìsinsìnyí ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ̀ka tó so mọ́ òrùka yẹn ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀, ti cefazolin sì yàtọ̀. Cefalexin, tí òun náà jẹ́ cephalosporin, ni tirẹ̀ jọ ti ampicillin, tó jẹ́ oríṣi pẹnisílíìnì kan.

Ojú tó wú yẹn ló ń já mi láyà. Ṣé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò awọ ara ni? Kí ni kí n bi ẹni tó máa fún wọn ní oògùn oorun?