"Agbógunti-ọ̀rá" tàbí "adìmọ́-ọ̀rá"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa láti Ọ̀yọ́ dábàá pé "agbógunti-ọ̀rá" ni ká máa pe èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjú ìjà sí ọ̀rá ara ẹni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní antiphospholipid antibody. Mo kúnlẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé àgbo tó ń dín ikùn kù ni. Obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára rẹ̀ léraléra, tí wọ́n bá a nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á rò pé ohun rere ni wọ́n rí.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rá kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọjú sínú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú lọ, tàbí tí nǹkan ta á jí, á yí síta. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní beta-2 glycoprotein I á bà lé e, èròjà wa yìí á sì fi apá méjèèjì gbá a mú. Apá kan ṣoṣo kò ràn án. Bí ó bá ti dì mọ́ monocyte, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ara, bẹ́ẹ̀, monocyte náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jáde sára awọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè wá dì nínú iṣan.

"Dì mọ́" ni mo fara mọ́. "So mọ́" tí ẹnìkan mú wá, okùn ló ń rán mi létí. "Alẹ̀mọ́-ọ̀rá" sún mọ́ ọn, àmọ́ bí a bá sáré pè é, "alẹ̀mọ́ra" letí á gbọ́: ọ̀rá ti pòórá nìyẹn! "Adìmọ́-ọ̀rá" ní apá méjì nínú, ó sì gbé "dì" ti ẹ̀jẹ̀ dídì dání.

Ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì ní purotéènì ló ń dì mọ́, kì í ṣe ọ̀rá. Òótọ́ ni, 1990 ni wọ́n rí ìyẹn, lẹ́yìn tí dókítà Graham Hughes ti ṣàpèjúwe àìsàn tí èròjà yìí ń fà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Ṣùgbọ́n ìgbà tí purotéènì náà bá bà lé ọ̀rá ló máa ń yí ìrísí padà, tí ibi tí èròjà wa yóò dì mú á yọ síta. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá dúró.

Bí a bá fẹnu kò, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀mejì là ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn, torí adìmọ́-ọ̀rá míì wà tó jẹ́ pé àkóràn ló mú un wá, tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀.